Ta Ló Ń Yẹ Wáyà Wò? Ìfiwéra Ibi Síkì fún Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Akọ̀pẹ kì í gbé igbà kọ́ ìdí ọ̀pẹ láì kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ ọ láti orí dé ìdí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lọ jókòó sórí àga tí wáyà irin ń fà gun òkè yìnyín, kó lè fi síkì, ìyẹn pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò ní irú àǹfààní yẹn. Ẹlòmíràn ló ń bá a yẹ igbà wò. Ìdí nìyí tí a kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti orí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ibi tí fọ́tò ti dára. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ta ló ń yẹ wáyà wò, ta ló ń sanwó fún un, ṣé ó sì lágbára láti ti ẹ̀rọ pa lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù?

Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kó ọmọ lọ Switzerland la ní lọ́kàn, àti ẹgbẹ́ régbérégbé tó fẹ́ fi ìrìnàjò ṣàjọyọ̀, àti òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì ní Kánádà tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń pè é lọ sórí yìnyín.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni olùyẹ̀wò. Ibi tó dára ni ibi tí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ẹ̀rọ kì í ti í ṣe ẹni tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí onímọ́tò bá ń fúnra rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí pé bíréèkì òun dára, kí ni ìwé yẹn fẹ́ ṣe fún èrò? Èkejì ni irú ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ta ni òfin ní kó sanwó? Ẹ̀kẹrin ni òkè fúnra rẹ̀, àmì ojú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́, yìnyín tó lè ya lulẹ̀ láti òkè bo èèyàn. Ìkarùn-ún ni owó àti bí ọ̀nà ṣe jìn sí ọ̀dọ̀ wa tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló nílò àlàyé jù, torí pé ọ̀pọ̀ wa ò fojú rí i rí, àfi ẹni tó bá ti dé Ọ̀budu, níbi tí wọ́n ti na wáyà nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ sórí òkè.

Èyí tí ẹ ó bá pàdé jù ni àga orí wáyà: wáyà irin kan tó ń yí po láàárín kẹ̀kẹ́ ńlá méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, tí àga sì so mọ́ ọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, àga dì mọ́ wáyà gbọingbọin. Mítà 2 sí 2.5 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í rọra fún ẹni tó fẹ́ jókòó. Orúnkún ló máa ń gbá láti ẹ̀yìn. Nínú ti èkejì, ẹnu tí àga fi gé wáyà jẹ máa ń là ní ibùdókọ̀. Lójú ọ̀nà ó ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí èèyàn ti ń wọlé, á já wáyà sílẹ̀, á máa wọ́ bí ìgbín, nǹkan bíi mítà kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa ń sá fún èyí tó ń yára, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló rọrùn fún un jù.

Ẹ̀rọ kejì ni àpótí onílẹ̀kùn tí èèyàn 8 tàbí 10 lè wọ̀. Ẹ ó bọ́ síkì lẹ́sẹ̀, ẹ ó gbé e dání. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá afàni: ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀ lórí yìnyín, ọ̀pá ń tì yín nídìí gòkè. Ẹni tó bá ṣubú nídìí rẹ̀, orí yìnyín níwájú ara rẹ̀ náà ló ṣubú sí. Àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù òkè sàn níbẹ̀ ju orí àga lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé itan á ro ó lálẹ́.

Àga orí wáyà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì ojoojúmọ́ lápá ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, kó tún ní bíréèkì pàjáwìrì tó ń gbá kẹ̀kẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ mú, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí wáyà yí padà sẹ́yìn. Nígbà tí àga kan ní Gudauri, lórílẹ̀-èdè Georgia, bẹ̀rẹ̀ sí í sá padà sẹ́yìn lóṣù kẹta ọdún 2018, ṣe ni àwọn èrò ń fò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn àga ti ń kọlu ara wọn. Irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń já bọ́ lórí àga, wáyà ò já: kò jókòó dáadáa kí àga tó gbéra, tàbí kò fa ọ̀pá ìdábòbò wálẹ̀, tàbí báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ há sára àga nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé báàgì síwájú, ẹ fi ọwọ́ kan di ọ̀pá síkì méjèèjì mú, kí ọwọ́ kejì ṣófo.

Faransé, Switzerland àti Austria

Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2018 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 2016/424, ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ wáyà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yà tó kan ààbò, ìbáà ṣe wáyà, bíréèkì tàbí ẹnu tó ń di wáyà mú, gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ayẹ̀wò tí kì í ṣe ẹni tó ṣe é kọjá kó tó gba àmì CE, ẹ̀rí pé ó bá òfin Yúróòpù mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: òfin yẹn ń sọ bí ẹ̀yà ṣe gbọ́dọ̀ rí nígbà tí wọ́n ń tà á. Bí wọ́n ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ogún ọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Nítorí náà àmì CE lórí ẹ̀rọ ní Ítálì àti ní Faransé lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn má jẹ́ ọ̀kan.

Faransé ló ní ètò tó ṣe kedere jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ìjọba ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní STRMTG, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àmójútó ẹ̀rọ wáyà àti ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lójú ọ̀nà tirẹ̀ nìkan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìjọba ń wo ìwé iṣẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun tó gbé èrò. Wọ́n sì ń ka iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ mọ́ iye ọdún rẹ̀. Tó bá pé, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á wo àwọn irin bóyá wọ́n ti sán. Wáyà ní tirẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń yẹ inú rẹ̀ wò, torí pé okùn irin tó ti já nínú kì í hàn sójú.

Owó ìdóòlà ni kí ẹ fiyè sí ní Faransé. Láti 1985 ni òfin ti gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti gba owó ìgbàlà lọ́wọ́ ẹni tó fara pa níbi síkì. Ẹni tí wọ́n fi ọmọlanke yìnyín gbé sọ̀ kalẹ̀ á rí ìwé owó gbà. Carré Neige, ìbánigbófò tí wọ́n máa ń tà mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi €3 sí €4 lójúmọ́, ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí ahun fi í sílẹ̀.

Ní Switzerland, ọ́fíìsì ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ ní Bern ló ń fún àwọn ẹ̀rọ ńlá ní ìwé àṣẹ, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Àwọn ọ̀pá afàni àti àwọn wáyà kékeré wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní káńtónì. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni òfin gbé ẹrù ààbò lé lórí. Ọ́fíìsì Bern á máa bẹ̀ ẹ́ wò lójijì láti rí i pé ó ń ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ torí pé àwọn ènìyàn yẹn kì í fi ìwé àkọsílẹ̀ ṣeré. Àmọ́ owó Switzerland ga ju ti Faransé lọ lórí ohun gbogbo, láti orí oúnjẹ ọ̀sán títí dé orí olùkọ́.

Austria ní ilé ẹ̀kọ́ síkì tó dára gan-an, àmọ́ orúkọ Kaprun kò lè ṣàì wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2000, ọkọ̀ ojú irin tí wáyà ń fà gba inú ihò òkè gbiná. Èèyàn 155 kú. Àwọn 12 tó sá sísàlẹ̀, níbi tí èéfín ò gbà, ni wọ́n yè nínú ọkọ̀ tó ń gòkè náà. Ẹ̀rọ amúlégbóná tí wọ́n ṣe fún inú ilé ni wọ́n gbé sí yàrá awakọ̀, òróró ẹ̀rọ sì jò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ náà ò ní táǹkì epo, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ó lè jóná, wọn ò sì fi ohun ìpaná sí ọ̀dọ̀ èrò. Òfin tí Austria ń lò báyìí, 2003 ni wọ́n ṣe é. Ibi yòówù tí wáyà bá ti gba inú ihò, ẹ wo ibi tí ohun ìpaná àti ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà kí ẹ tó jókòó.

Nǹkan kan wà tó kan ilé ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Kárí àwọn òkè Alps, ẹ ó rí àmì tó ní ọmọ tí kò bá ga tó 1.25 m kò gbọ́dọ̀ dá jókòó sórí àga. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ méjì tó kó ọmọ ọlọ́dún méje ọgbọ̀n dání ò lè ṣe é. Ẹ wọn ọmọ nílé kí ẹ tó ka iye àgbà tí yóò tẹ̀ lé wọn.

Ítálì

Ítálì ló ń béèrè nǹkan púpọ̀ jù lọ́wọ́ oníṣíkì fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ẹni tí kò bá ní ìbánigbófò tó lè sanwó fún ẹni tó bá ṣe léṣe kò gbọ́dọ̀ wọ ojú ọ̀nà síkì. Àṣíborí di dandan fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì kan gbogbo ènìyàn láti oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n tún lè wọn ọtí lára oníṣíkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lára awakọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Lápá ẹ̀rọ, ìtàn wọn wúwo. Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wáyà tó ń fa àpótí kan ní Mottarone já. Irú ẹ̀rọ yẹn ní wáyà oríṣi méjì: ọ̀kan nípọn, òun ló ń gbé àpótí ró, ọ̀kan tín-ín-rín, òun ló ń fà á. Bí èyí tó ń fà á bá já, bíréèkì tó wà lára àpótí gbọ́dọ̀ gbá èyí tó nípọn mú lójú ẹsẹ̀. Bíréèkì yẹn ti ń yọni lẹ́nu, ó ń mú nígbà tí kò yẹ kó mú, kí iṣẹ́ má bàa dúró wọ́n fi irin tó dà bí fọ́ọ̀kì há a lẹ́nu kó má lè pa dé. Nínú èèyàn 15, ọmọ ọdún márùn-ún kan ṣoṣo ló yè. Ní Cavalese lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1976, wáyà kan gorí èkejì ó sì gé e. Èèyàn 43 kú, ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan ló ṣẹ́kù. Níbẹ̀ náà, wọ́n ti pa ẹ̀rọ tí ì bá dá ohun gbogbo dúró fúnra rẹ̀. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló wà láàárín méjèèjì, ìwà kan náà sì ni: àwọn ènìyàn so ọwọ́ bíréèkì kí owó má bàa dúró. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ ANSFISA ló ń mójú tó ẹ̀rọ wáyà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá máa lọ, kó yan ibi tí àga àti àpótí kékeré pọ̀ sí, kó sì fi àpótí ńlá méjì tó ń lọ tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wo ìran.

Colorado, àti British Columbia

Amẹ́ríkà kò ní òfin àpapọ̀ kan fún ẹ̀rọ síkì. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò sì ní olùyẹ̀wò tiwọn rárá. Ìdí nìyí tí a fi dárúkọ Colorado nìkan. Láti 1965 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní ìgbìmọ̀ tó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, tó sì ń rán olùyẹ̀wò. Kò tún sọ pé jàǹbá ò wáyé. Ní Vail lóṣù kẹta ọdún 1976, okùn kan tú lára wáyà, àpótí méjì já bọ́, èèyàn mẹ́rin kú. Ní Granby Ranch lọ́jọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2016, ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì já bọ́ lórí àga, ìyá kú. Wọ́n ti yí àwọn ohun èlò iná tó ń darí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ̀rọ wá ń yára ń dúró lójijì títí àga fi mì. Ìgbìmọ̀ ló ti ẹ̀rọ náà pa, òun náà ló tẹ ìdí ọ̀rọ̀ jáde.

Ohun tó yẹ kí ará ilé wa mọ̀ ni ìwé tí wọ́n ń mú èèyàn fọwọ́ sí, ìwé “mi ò ní pè yín lẹ́jọ́.” Òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé yìnyín líle, òkúta, igi àti kíkọlu oníṣíkì mìíràn jẹ́ ewu tí oníṣíkì gbà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Colorado dá ẹjọ́ kan tó wá láti ibi síkì Crested Butte: ìwé yẹn kò lè gba ibi síkì sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ tàbí ìlànà ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ ló rú. Fún àlejò, ẹjọ́ yẹn ló mú kí Colorado wúwo lórí òṣùwọ̀n. Owó ni kò fi dára: tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní Vail lásìkò èrò ju $300 lọ lójú fèrèsé, nígbà tí ibi ńlá ní Faransé ń gba nǹkan bíi €60 sí €80. Físà Amẹ́ríkà náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ Nàìjíríà lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ.

Ní British Columbia, ìpínlẹ̀ Kánádà tí Vancouver wà, Technical Safety BC ló ń ṣe àyẹ̀wò, pẹ̀lú CSA Z98, òṣùwọ̀n Kánádà fún ẹ̀rọ wáyà. Ètò náà dúró ṣinṣin. Ìwé àìpè-lẹ́jọ́ lágbára níbẹ̀ ju ti Colorado lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kà á kó tó tẹ bọ́tìnì orí fóònù.

Dubai àti Lesotho

Ski Dubai, inú ilé ìtajà ni, láti 2005. Ojú ọ̀nà tó gùn jù kò ju 400 m lọ, òtútù ibẹ̀ sì wà lẹ́bàá òdo. Kò sí yìnyín tó ń ya, kò sí kùrukùru, kò sí ìgbà tí atẹ́gùn máa dá wáyà dúró. Jákẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, bàtà àti síkì wà nínú owó. Ìbọ̀wọ́ àti fìlà ni ẹ ó mú dání. Ẹni tó bá ti lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ ti rí i tán, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí àga níbẹ̀ kò ní kọsẹ̀ ní Alps.

Afriski ní Lesotho wà lókè ju mítà 3,000 lọ. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ọ̀pá afàni ni wọ́n ń lò, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ jíjábọ́ láti òkè. Ewu ibẹ̀ wà nínú ọ̀nà àti nínú gíga òkè. Láti Johannesburg, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni, apá ìkẹyìn rẹ̀ sì gba orí òkè tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó sì máa ń yọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa, orí lè máa fọ́ ọ, kó má sì rí oorun sùn, lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe síkì lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ilé ìwòsàn ńlá jìnnà.

Àwọ̀ ojú ọ̀nà, àti ìwé ìbánigbófò

Búlúù ní Yúróòpù túmọ̀ sí pé ó rọrùn. Búlúù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà túmọ̀ sí àárín. Ẹni tó kọ́ síkì lórí búlúù Faransé, tó wá tẹ̀ lé búlúù Colorado, á ṣubú. Àwọ̀ ewé ni kó wá. Ẹ má ṣe kọjá okùn tí wọ́n fà dínà: ẹ̀yìn okùn ni yìnyín ti ń ya, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìbánigbófò ti ń parí. Òṣùwọ̀n ewu yìnyín ní Yúróòpù wà láti 1 dé 5. Ẹ má jẹ́ kí 3 tàn yín pé ó wà láàárín. Ìpele yẹn lọ̀pọ̀ ń kú sí, torí pé èèyàn ṣì ń jáde.

Físà Schengen ń béèrè ìbánigbófò ìlera tó tó €30,000, owó físà fún àgbàlagbà sì jẹ́ €90. Ìwé tí wọ́n ń tà fún ọ lójú ọ̀nà ẹ́ḿbásì lè kún ojú òfin físà kó má sì bo síkì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ “winter sports,” kí ẹ wo bóyá hẹlikópítà wà nínú rẹ̀, àti “off-piste,” ìyẹn síkì lẹ́yìn ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wà lábẹ́ ohun tí wọn ò ní san, ẹ ra òmíràn kún un.

Ta ni kó lọ ibo

Ilé ẹ̀kọ́ tó ní àgbà tó pọ̀ tó: Switzerland tàbí Faransé, kí wọ́n sì yan abúlé tó ní pápá ìbẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ọmọ kò ní gun wáyà lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí àgbà ò bá tó, Dubai ni, àní bí àwọn òbí bá tilẹ̀ ń fẹ́ fọ́tò Alps. Ẹgbẹ́ régbérégbé tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, àpótí onílẹ̀kùn ní Switzerland ló yẹ wọ́n, kí wọ́n wo ìran, kí wọ́n jẹun lókè, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Síkì kì í ṣe dandan. Ẹni tí owó ò jẹ níyà tó sì fẹ́ òkè gígùn, Colorado. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà ní Vancouver kò nílò ibòmíràn. Lesotho wà fún ẹni tó ń bẹ̀rù gíga àga ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ítálì fún ẹni tó ti mọ síkì díẹ̀, tó lè wo ẹ̀rọ kó mọ èyí tó ń wọ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún aṣojú ìrìnàjò, ẹ fi ìwé béèrè orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹ̀rọ ibẹ̀ wò, irú ẹ̀rọ tó wà ní pápá ìbẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí owó yín bí atẹ́gùn bá ti wáyà pa fún ọjọ́ méjì. Atẹ́gùn máa ń tì í pa. Oníṣẹ́ tó dá ẹ̀rọ dúró torí atẹ́gùn, tí èrò ń pariwo lé e lórí, ẹ bá a gbè é lẹ́yìn.